Iná Wà Nínú Bátìrì, Mọ́tò Ò Sítáàtì: Iṣẹ́ Tí Súpákàpásítọ̀ Lè Ṣe, Àti Èyí Tí Kò Lè Ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, fìtílà iwájú tàn yòò, họ́ọ̀nù ké, rédíò ń sọ̀rọ̀, àmọ́ sítátà kàn ń ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́, ẹ́ńjìnnì ò mira. Ohun tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé iná ti tán nínú bátìrì. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iná ṣì wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ pọ̀ gan-an. Kò kàn lè jáde kíákíá ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bátìrì mọ́tò kékeré sábà máa ń jẹ́ 12 fóltì, 60 ámpù-wákàtí. Tó bá kún, agbára inú rẹ̀ jẹ́ 720 wáàtì-wákàtí. Tá a bá sọ ọ́ di júùlù, ó lé ní mílíọ̀nù 2.5. Sítátà ńkọ́? Ká ní ó gba 200 ámpù ní nǹkan bíi 10 fóltì, fún ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 200 × 10 × 1.5, ó jẹ́ 3,000 júùlù. Ìyẹn ò tó ìdá kan nínú 800 ohun tó wà nínú bátìrì náà. Tó bá jẹ́ pé iye iná nìkan ló ṣe pàtàkì, bátìrì tó ti lo ìdajì iná rẹ̀ yẹ kó ṣì lè sítáàtì mọ́tò yẹn nígbà 400.

Kí ló wá ń dí i lọ́wọ́? Ẹ ronú nípa kèrègbè àti igbá. Inú kèrègbè tóbi, àmọ́ ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Bí iná bá ń jó nílé ìdáná, tẹ́ ẹ sì dojú kèrègbè tó kún fómi dé láti fi pa á, díẹ̀díẹ̀ ni omi á máa jáde, gulu-gulu-gulu. Igbá ò gba omi tó ti kèrègbè, àmọ́ ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ẹ dà á lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Bátìrì ni kèrègbè yẹn. Súpákàpásítọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni igbá.

Ọrùn kèrègbè yẹn la máa ń pè ní ìdènà inú, ìyẹn bí bátìrì fúnra rẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́wọ́ àtijáde. Mìlì-óòmù la fi ń wọ̀n ọ́n. Bátìrì tuntun lè ní 6 mìlì-óòmù, èyí tó ti gbó lè di 30. Kó o tó mọ iye fóltì tó máa sọnù sínú bátìrì, ìwọ sáà fi iye ámpù tó ń jáde sọ ìdènà yẹn di púpọ̀. Fìtílà iwájú méjèèjì ń gba nǹkan bíi 9 ámpù, 9 × 0.030 sì jẹ́ 0.27 fóltì. Ojú ò lè rí ìyàtọ̀ ìyẹn, ìdí nìyẹn tí fìtílà fi ń tàn yòò. Àmọ́ 200 × 0.030 jẹ́ 6 fóltì gbáko! Bátìrì tó jẹ́ 12.5 fóltì nígbà tó sinmi á já sí 6.5. Máńgẹ́ẹ̀tì tó ń ti eyín sítátà wọnú ẹ́ńjìnnì á fà, fóltì á já wálẹ̀, máńgẹ́ẹ̀tì á jọ̀wọ́ ẹ̀, fóltì á gòkè padà, máńgẹ́ẹ̀tì á tún fà. Ibi tí kẹ́-kẹ́-kẹ́ yẹn ti ń wá nìyẹn.

Kí ló ń mú kí ọrùn náà fún sí i? Inú bátìrì, àwo òjé ló tò síra wọn nínú omi ásíìdì. Nígbàkigbà tá a bá lo iná, èròjà funfun kan tí wọ́n ń pè ní lead sulphate máa ń so mọ́ ara àwo náà. Tá a bá ṣáàjì ẹ̀, ó máa ń yọ́ padà. Àmọ́ tí mọ́tò bá wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tẹ́nikẹ́ni ò wà á, tàbí tí gbogbo ìrìn rẹ̀ ò ju láti ilé dé ọjà lọ, alternator ò ní ráyè dá iná náà padà tán. Èròjà funfun yẹn á wá di hóró ńláńlá, á le, kò sì ní yọ́ mọ́. Ibi tó bá bò lára àwo, ibẹ̀ ti bọ́ sẹ́yìn iṣẹ́. Ooru náà ń ṣe tiẹ̀: ó ń jẹ irin inú àwo, ó sì ń gbẹ omi. Àwọn tó ń gbé ní ilẹ̀ olótùútù máa ń ráhùn pé òtútù ò jẹ́ kí bátìrì lágbára láàárọ̀, òótọ́ sì ni, àmọ́ tó bá móoru, agbára ọ̀hún á padà. Ní tiwa, ooru kì í dá ohun tó bá mú lọ padà.

Ó yá, ká wá sọ̀rọ̀ igbá. Kàpásítọ̀ kì í ṣe àjèjì sí yín. Tí fáànù òkè àjà ò bá yí dáadáa mọ́, tí oníná ní kẹ́ ẹ lọ ra nǹkan kékeré kan wá, kàpásítọ̀ lẹ lọ ń rà. Àwo méjì ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọjú síra, tí wọn ò fara kanra, ara àwọn àwo yẹn ni iná ń dúró sí. Kò sí èròjà tó ń yí padà di òmíràn bíi ti bátìrì, nítorí náà iná náà lè wọlé lójú ẹsẹ̀, ó sì lè jáde lójú ẹsẹ̀. Iye tó lè gbà wà lọ́wọ́ bí àwo náà ṣe fẹ̀ tó, àti bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó. Ti fáànù sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 2.5 màíkírófárádì. Ìyẹn ò lè ta ẹ́ńjìnnì kankan jí.

Ní ọdún 1957, H. I. Becker ní iléeṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí kàpásítọ̀ tó fi èédú ṣe. Kí ló dé tó jẹ́ èédú? Èédú tí wọ́n bá tún fi ooru líle àti oru omi ṣiṣẹ́ lé lórí máa ń kún fún ihò tíntìntín tí ojú ò lè rí. Tá a bá lè tẹ́ ojú gbogbo ihò inú gíráàmù kan ṣoṣo rẹ̀ sílẹ̀, ó lè tó 1,500 mítà níbùú lóròó, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíráàmù 5 péré, ó ti tó pápá bọ́ọ̀lù kan. Wọ́n á wá rẹ èédú náà sínú omi tó ní iyọ̀ kan nínú. Tí iná bá dé, àwọn áyọ́ọ̀nù inú omi náà á wá tò ti ojú èédú pẹ́kípẹ́kí, débi pé àlàfo tó wà láàárín wọn ò tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà. Ojú tó fẹ̀ tó báyẹn, àlàfo tó kéré tó báyẹn! Bí agolo kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ ṣe ń gba 3,000 fárádì nìyẹn, ìlọ́po tó ju bílíọ̀nù kan lọ tá a bá fi wé ti fáànù.

Èèpo líle ara àgbọn wà lára ohun tí wọ́n ń sun láti rí èédú tó dáa fún iṣẹ́ yìí. Mi ò lè kọjá òkìtì èèpo àgbọn ní Àgbádárìgì mọ́ kí n má wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Agolo kan ò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi 2.7 fóltì lọ, torí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ omi inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Nítorí náà mẹ́fà ni wọ́n máa ń so tẹ̀ léra wọn fún mọ́tò: 6 × 2.7 jẹ́ 16.2 fóltì, alternator sì sábà máa ń fúnni ní nǹkan bíi 14.4, tó túmọ̀ sí 2.4 fún agolo kọ̀ọ̀kan. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ sílẹ̀, ó dáa. Àwọn kan ń ta èyí tó ní agolo márùn-ún nítorí kó lè pọ́ọ́kú. Ẹ pín 14.4 sọ́nà márùn-ún, ó di 2.88. Ẹ má rà á.

Tẹ́ ẹ bá so mẹ́fà pọ̀ báyẹn, ìwọ̀n wọn á pín sí mẹ́fà: 3,000 fárádì á di 500. Ẹ jẹ́ ká wá gbé e ti bátìrì tó ti gbó yẹn, àmì ìròpọ̀ sí ìròpọ̀, àmì ìyọkúrò sí ìyọkúrò. Ká ní ìdènà inú kàpásítọ̀ náà àti wáyà rẹ̀ jẹ́ 4 mìlì-óòmù, ti bátìrì sì jẹ́ 30. Nígbà tí sítátà bá béèrè 200 ámpù, ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ jù ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á gbà: nǹkan bíi 176 á wá látọ̀dọ̀ kàpásítọ̀, bátìrì á mú 24 péré wá. Fóltì tó máa já ò tó ẹyọ kan, á wà ní nǹkan bíi 11.8 dípò 6.5. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀, ìdajì fóltì péré ni kàpásítọ̀ á tíì pàdánù. Ẹ́ńjìnnì ti jí. Alternator á tún igbá náà bù kún, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá tún yí kọ́kọ́rọ́.

Ibi tí àwọn tó ń tà á ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà wá nìyí. Wọ́n á ní, "Tó bá lè ṣe èyí, kí la fẹ́ fi bátìrì ṣe?" Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ kéékèèké lọ sílé ìwé. Bátìrì bàbá yìí ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, nítorí náà orí òkè ni wọ́n máa ń gbé bọ́ọ̀sì sí lálẹ́, wọn kì í sì í pa ẹ́ńjìnnì níbi tí wọ́n bá ti dúró kó ọmọ. Bọ́ọ̀sì á máa dún, èéfín á máa jáde lẹ́yìn, àwọn ọmọ á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín yẹn kò lóòórùn tẹ́nì kan máa fi mọ̀ pé òun ń fà á símú. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́ kí bàbá tó pè mí lọ́jọ́ kan.

"Ìwọ tó o ń ka sáyẹ́ǹsì yìí, wọ́n ní kàpásítọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń rọ́pò bátìrì, pé kì í bàjẹ́ láyé. Ṣé kí n kó owó lé e?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má tíì kó o lé e o. Ẹ jẹ́ n wá wò ó ná."

Mo gbé mítà lọ. Nígbà tí bátìrì sinmi, 12.4 fóltì. Nígbà tí wọ́n ta sítátà, ó já sí 7.6. A fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìpẹtà funfun tó wà lórí bátìrì, a dè é dáadáa, ó gòkè díẹ̀ sí 8. Mo ní agolo mẹ́fà tèmi tí mo fi ń ṣiṣẹ́ níléèwé, àwọn kékeré tó dà bí bátìrì rédíò ńlá, 350 fárádì lọ́kọ̀ọ̀kan. Tá a bá so wọ́n pọ̀, wọ́n ń di nǹkan bíi 58 fárádì. A gbé e ti bátìrì náà: fóltì ò lọ sí ìsàlẹ̀ 9.5, ẹ́ńjìnnì sì jí wàrà. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kúkú tà á fóun.

Mi ò tà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Gbogbo mọ́tò ló ń mu iná díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti pa á: àláàmù, àgogo, rédíò. Ká ní 30 mìlì-ámpù. Ká tiẹ̀ ní bàbá ra ńlá olówó gọbọi, 500 fárádì, tí wọ́n sì yọ bátìrì sọnù. Kí fóltì tó já láti 12.6 sí 9, iná tó máa jáde ò ju 500 × 3.6 lọ, ìyẹn 1,800 ámpù-ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ fi 0.030 pín in, ó jẹ́ 60,000 ìṣẹ́jú àáyá, kò pé wákàtí 17. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Friday, tó bá di àárọ̀ Monday, igbá ti gbẹ táútáú. Fún tèmi tó jẹ́ 58 fárádì, kò tó wákàtí méjì. Kàpásítọ̀ fúnra rẹ̀ tún máa ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú, tí ò tiẹ̀ sí ohun tó ń mu ún.

Tí wọ́n bá wá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì tó ti kú ńkọ́? Ojú omi inú wọn ò lè yàtọ̀. Bátìrì 12 fóltì ní ilé mẹ́fà nínú. Tí ọ̀kan bá kú, bátìrì ò ní lè ju nǹkan bíi 10.5 lọ, á sì fa kàpásítọ̀ wálẹ̀ bá a síbẹ̀. Bátìrì tó ṣì ní iná nínú, tí ọrùn ẹ̀ nìkan ló fún, ni kàpásítọ̀ lè gbà sílẹ̀, kì í sì í ṣe títí láé. Ohun tó tún ń bí mi nínú nípa ẹ̀ ni pé ó ń bo àṣírí: bátìrì á máa bàjẹ́ lọ, ẹ ò ní gbọ́ kẹ́-kẹ́ kankan tó máa kìlọ̀ fún yín, ọjọ́ tó bá dákẹ́ á kàn dákẹ́ pátá.

Ohun tí mo sọ fún bàbá ni pé kí wọ́n fi owó yẹn ra bátìrì tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kàpásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ nítumọ̀ fún irú iṣẹ́ tiwọn, torí ibùdókọ̀ bí ogún ni wọ́n ń dúró sí láàárọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ máa pa ẹ́ńjìnnì níbi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn jẹ́ ogún ìgbà tí sítátà á gba 200 ámpù láàárín wákàtí méjì. Bátìrì lásán ò fẹ́ràn irú ẹ̀. Kàpásítọ̀ ò kà á sí, torí àwọn tó ń ṣe é máa ń sọ pé ó lè gba iná kó sì tú u sílẹ̀ nígbà tó tó mílíọ̀nù kan.

Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ti lò ó fún nínú ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn lè rà. Lọ́dún 2010, Peugeot àti Citroën gbé ọkọ̀ dísù e-HDi jáde, tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ nígbà tó bá dúró níbi iná ojú pópó, tó sì máa ń jí i padà. Agolo méjì tó jẹ́ 1,200 fárádì ló ń ti bátìrì lẹ́yìn nínú ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó gba ọ̀nà míì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn mọ́jú, fíríìjì àti fáànù á sì mu bátìrì lálẹ́. Iléeṣẹ́ Maxwell ṣe kàpásítọ̀ kan tó máa ń gba àyè ọ̀kan nínú àwọn bátìrì wọn, àmọ́ sítátà nìkan ló so mọ́, fíríìjì ò lè mu látinú ẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ó ṣì kún. Ẹ rí i pé bátìrì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà níbi méjèèjì. Kò sẹ́ni tó jù ú nù.

Ìbéèrè ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí ṣe pàtàkì fún wa ju fún àwọn yẹn lọ. Ọ̀pọ̀ agolo yìí, 65 lórí ìwọ̀n Celsius ni wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án gangan nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lè kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, tí ooru bá sì fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lé sí i, ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ á dín sí bí ìdajì. Abẹ́ ìjókòó sàn jù. Àmọ́ wáyà tó bá gùn ń fi ìdènà kún ìdènà: wáyà bàbà tó jẹ́ 25 mìlímítà níbùú lóròó ní nǹkan bíi 0.7 mìlì-óòmù lórí mítà kan, àlọ àtàbọ̀ sì ni ẹ máa kà. Mítà méjì lọ, mítà méjì bọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3. Ẹ ra wáyà tó nípọn, kẹ́ ẹ sì fi fíúùsì ńlá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ ní kí rìwáyà yín fi mítà kan orí bátìrì gan-an, orí òjé yẹn fúnra rẹ̀, kì í ṣe orí wáyà, nígbà tí ẹlòmíì bá ń ta sítátà. Tó bá já sí ìsàlẹ̀ 9.6, bátìrì lẹjọ́ rẹ̀. Tí ó bá dúró sí 11 tàbí 12 tí sítátà sì ń fà tìkọ̀tìkọ̀, wáyà tàbí sítátà fúnra rẹ̀ ni, pàápàá wáyà ilẹ̀ tó so mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Kò sí igbá tó lè wo ìyẹn sàn, torí ìdènà náà wà láàárín igbá àti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ààbò ló kù. Sípánà tó bá já lé orí kàpásítọ̀ tó kún á jó mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, kò ní dúró gba àmúkúrò. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Ẹ má ra agolo tí wọn ò fi pátákó ìdọ́gba sí, torí agolo mẹ́fà kì í gba iná bákan náà, èyí tó bá gbà jù ló máa kọ́kọ́ bẹ́. Omi inú ọ̀pọ̀ nínú wọn, acetonitrile ni. Tó bá jóná, èéfín rẹ̀ ní májèlé sáyánáìdì nínú, nítorí náà èyí tó bá bàjẹ́, ẹ má là á, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun.

Kàpásítọ̀ tó ṣófo, ẹ má gbé e lé bátìrì ní tààràtà láéláé. Bátìrì ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ àti irin tẹ́ ẹ fi so àmì méjèèjì pọ̀. Ẹ fi gílóòbù mọ́tò 12 fóltì sáàárín àwọn méjèèjì: ti bíréékì ẹ̀yìn tó jẹ́ 21 wáàtì ti tó fún kékeré bíi tèmi, ti fìtílà iwájú ló dáa fún ńlá. Gílóòbù náà á kọ́kọ́ tàn yòò, á wá máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí kàpásítọ̀ ṣe ń kún. Kékeré lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ńlá lè ju ìdajì wákàtí lọ. Tí gílóòbù bá ti kú, ẹ fi mítà wò ó pé fóltì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìgbà náà lẹ lè yọ gílóòbù kúrò, kẹ́ ẹ sì de wáyà mọ́ ọn.